HD tí wọ́n ń tà fún wa l'Ábújá: kí la ń sanwó fún gan-an?

AráKubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ tú wò, torí owó wa ló ń bá a lọ.

Iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ń lẹ bébà kiri ògiri àdúgbò wa ní Kubwa, wọ́n sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dà wá láàmú lórí fóònù. Ohun tí wọ́n kọ ni pé: "Wo fíìmù àti bọ́ọ̀lù ní HD pípé. Kò ní dúró. Dátà kò lópin. Ó tó 50 Mbps." (Mbps ni iye mílíọ̀nù bit dátà tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan.) Aládùúgbò mi ti san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Mo lọ bá a wo bọ́ọ̀lù lálẹ́, lásìkò tí gbogbo ilé ti dé láti ibi iṣẹ́. Lẹ́tà HD wà ní igun tẹlifíṣọ̀n lóòótọ́, àwòrán náà ò sì dúró. Ṣùgbọ́n koríko pápá ti dàpọ̀ di àwọ̀ ewé kan ṣoṣo, nọ́ńbà ẹ̀yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù ò ṣeé kà, bí wọ́n bá sì gbá bọ́ọ̀lù sókè, ó ń fa ìrù. Ọkùnrin náà ní, "Ṣé ẹ rí i, HD ni." Mi ò fẹ́ bà á nínú jẹ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀, mo dákẹ́.

Èrò tèmi nìyí. Iye píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, nìkan ni àwọn tó ń polówó yìí ń kà sí wa létí. 1280 × 720 ni HD, 1920 × 1080 ni Full HD, 3840 × 2160 ni 4K. Kò sí èyí tó ń sọ iye dátà tí wọ́n ń fi kún àwọn píksẹ́lì yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bitrate. Bí ẹni ń ta gaàrí tó ń ka iye àpò fún oníbàárà, tí kò jẹ́ kó tú ẹnu àpò wò bóyá ó kún, ni ọ̀rọ̀ náà rí lójú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé òótọ́ ni mo ń sọ, àbí ó ní ibi tí mi ò yẹ̀ wò dáadáa?

---

WáyàJabi

Ẹ̀gbọ́n AráKubwa, ibi tó ń dùn wá gan-an lẹ fọwọ́ bà. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò sí i.

Àwòrán 1080p kan (nọ́ńbà iwájú p ni iye ìlà àwòrán, Full HD nìyẹn) ní píksẹ́lì 2,073,600. Bí àwòrán 25 bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a ò sì fún un pọ̀ rárá, ó máa gbà ju 600 Mbps lọ. Netflix ní tiẹ̀ ní 3 Mbps tó fún 720p, 5 Mbps fún 1080p, 15 Mbps fún 4K. Ẹ wò ó: láti 600 wá sí 5. Ohun tó ju 99 nínú 100 lọ ni wọ́n ti yọ dànù kí fíìmù tó dé ilé yín. Ìyẹn kì í ṣe ìwà jìbìtì o. Ọgbọ́n ńlá ni, codec là ń pè é. H.264 jáde ní 2003, HEVC ní 2013, AV1 ní 2018, dátà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ fún àwòrán kan náà sì kéré sí ti èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á fi odindi àwòrán kan ránṣẹ́, lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá yí padà nìkan ni wọ́n á máa fi ránṣẹ́. Ògiri tí kò kúrò lójú kan, wọn ò ní tún un fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń sáré nìkan ló ń jẹ dátà.

Wàyí o, ẹ mú 1080p yẹn, ẹ fún un ní 1.5 Mbps dípò 5. Ó ṣì máa jẹ́ 1920 × 1080. Áàpù á ṣì kọ 1080p sí i, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé dátà ò tó, codec á bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn nǹkan kéékèèké nù: koríko, irun orí, ọnà ara aṣọ. H.264 máa ń pín àwòrán sí àpótí 16 × 16 píksẹ́lì. Àwọn àpótí yẹn gan-an lẹ máa ń rí nínú fíìmù, níbi tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí òkùnkùn ń pín sí wẹ́wẹ́.

YouTube fúnra rẹ̀ ti fi èyí hàn ní gbangba. Ní 2023, ó gbé "1080p Premium" jáde fún àwọn tó ń san owó. Píksẹ́lì kan náà ni pẹ̀lú 1080p tí gbogbo ayé ń wò, bitrate rẹ̀ ló ga jù. Bí 1080p bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo, kí ni wọ́n wá ń ta èkejì fún?

---

Bọ́ọ̀lùNyanya

Èmi ní viewing centre ní Nyanya. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sí ara bébà ìpolówó ni pé bọ́ọ̀lù orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń pẹ́ dé. Àwọn tó ń fi dish wò ó ní òdìkejì títì á ti pariwo góòlù, tiwa ṣì wà ní àárín pápá. Oníbàárà ò lè fara da ìyẹn, bí àwòrán ti wù kó mọ́ tó. Dish ni mo ń lò títí di òní.

---

ÌdẹraDawaki

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi o. Mo rò pé a ti ń le nǹkan yìí jù.

Orí fóònù lọ̀pọ̀ wa ti ń wo nǹkan. Lójú fóònù tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ta ló fẹ́ jókòó máa wá ìyàtọ̀ láàárín 480p àti 1080p? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ tẹlifóònù, gbà kí àwọn iléeṣẹ́ náà fi kún owó ìpè àti dátà, tó lè tó 50 nínú 100. Látìgbà yẹn, ohun tó jẹ mí lógún ni kí dátà mi má tètè tán. Bí wọ́n bá fún mi ní 480p tí kò ní dúró láàárín ọ̀nà, mo ti yege. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá ní Maitama máa ka píksẹ́lì.

---

AráKubwa

> Bí wọ́n bá fún mi ní 480p tí kò ní dúró láàárín ọ̀nà, mo ti yege.

Ìdẹra, mo gbà pẹ̀lú rẹ, tọkàntọkàn. Lórí fóònù, 480p tó ní dátà tó tọ́ kì í ṣe ohun ẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ètò Mobile tí Netflix ń tà kọ 480p síbẹ̀ gbangba, ẹni tó bá rà á mọ ohun tó rà. Èyí tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n kọ HD, kí wọ́n gba owó HD, kí wọ́n wá máa fi dátà 480p ránṣẹ́ nínú férémù HD. Owó tí ìwọ fẹ́ fi pamọ́ yẹn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà ẹ̀bùrú.

---

WáyàJabi

Irú ohun tí Ìdẹra ń sọ yẹn ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, iléeṣẹ́ fóònù T-Mobile gbé ètò Binge On jáde: fídíò ò ní jẹ dátà oníbàárà mọ́, ṣùgbọ́n 480p ni wọ́n máa rí. Orúkọ tí wọ́n pe àwòrán náà ni "DVD quality", wọ́n sì ní àwọn ń tún fídíò ṣe kó lè bá fóònù mu ni. Àjọ EFF, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kìn-ín-ní 2016. Wọn ò bá àtúnṣe kankan níbẹ̀. Iyára ọ̀nà nìkan ni wọ́n dín kù sí bí 1.5 Mbps.

Ẹ kíyè sí "DVD quality" yẹn. 720 × 576 péré ni DVD tí a ń lò nílé nígbà náà, ṣùgbọ́n fídíò orí rẹ̀ lè gbà tó 9.8 Mbps. Lóòótọ́, codec àtijọ́ tó ń jẹ dátà ni DVD ń lò, a ò lè fi wé e ní tààrà. Síbẹ̀, orúkọ ohun tí àwọn èèyàn ti mọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán ni wọ́n yá lò.

---

OníkámẹráLugbe

Ẹ kú ìjókòó gbogbo ilé. Fọ́tò àti fídíò ni iṣẹ́ mi ní Lugbe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa, torí àwa náà ń polówó HD, àwọn kan nínú wa tún ń kọ "4K live" sí ara páálí tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Kámẹ́rà lè jẹ́ 4K lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston máa rí, ọwọ́ upload, ìyẹn iyára ìjáde, ló wà. Gbogbo ìpolówó íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń rí yẹn, iyára tí nǹkan fi ń wọlé ni wọ́n ń kọ sí i. Iyára tó fi ń jáde, wọn kì í dárúkọ rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kéré sí ti ìwọlé nígbà gbogbo. Ẹ wá fi ti ọjọ́ ayẹyẹ kún un: nígbà tí gbọ̀ngàn bá kún fọ́fọ́, tí gbogbo àlejò ń gbé fídíò sí status, mast kan náà ni gbogbo wa jọ ń fà.

Nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà, tí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́, àwòrán á mọ́ gaara. Ẹ jẹ́ kí onílù dé o. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó jó wọlé, kí àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó. (Ẹ rántí pé òfin CBN ti 2007 ka owó níná sí ẹ̀ṣẹ̀, EFCC sì ti ń gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀.) Náírà ń fò, léèsì ń dán, gèlè ń mì, abẹ̀bẹ̀ ń lọ ń bọ̀, kò sí ojú kan nínú àwòrán náà tí kò yí padà. Gẹ́gẹ́ bí WáyàJabi ṣe ṣàlàyé, ohun tó bá yí padà ló ń jẹ dátà. Bí upload rẹ ò bá ju 2 Mbps lọ, ojú ìyàwó á fọ́ sí àpótí àpótí, ọnà ara léèsì á parẹ́ pátápátá. Ìyá ọkọ tó wà lókè òkun, ibi tó ń dúró dè látàárọ̀ nìyẹn.

Ohun tí mò ń ṣe ní tèmi ni pé mo ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: live ní 720p, 3 Mbps ó kéré tán, SIM nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó yàtọ̀ síra, kí káàdì inú kámẹ́rà sì máa gba odindi 4K sílẹ̀ fún ẹbí láti wò lẹ́yìn ayẹyẹ. Mo máa ń lọ wọn upload ní gbọ̀ngàn kí n tó gba owó. Àwọn oníbàárà kan ti sá lọ bá ẹni tó kọ 4K. Mi ò lè parọ́ fún wọn.

---

ÌdẹraDawaki

Bọ̀dá Oníkámẹrá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò fi ṣe é ní 1080p níwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà yín gbé e?

---

OníkámẹráLugbe

Torí 3 Mbps kan náà ni mo ní láti pín. 720p ní píksẹ́lì 921,600, kò tó ìdajì ti 1080p. Bí mo bá pín in fún 1080p, díẹ̀ ló máa kan píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ojú á fọ́ bí ijó bá ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ijó, 720p tó jẹun yó sàn ju 1080p tí ebi ń pa lọ.

---

MàmáTíṣà_Zaria

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Láti Zaria ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò lórí YouTube, ohun tí ojú mi rí sì yàtọ̀ díẹ̀ sí tiyín.

Ní tèmi, píksẹ́lì ló ṣe pàtàkì jù. Pátákó kò mì, ọwọ́ mi nìkan ló ń rìn. 1080p tí mo gbé síbẹ̀ kì í jẹ ju 1 Mbps lọ, ó sì mọ́ kedere. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi sí 360p kó má bàa jẹ dátà, á máa ka 3 sí 8, á kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ á bàjẹ́ láti ìlà àkọ́kọ́. Mo ti rí i nínú ìwé wọn. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ pé píksẹ́lì ò wúlò.

Ohun mìíràn tún wà. YouTube orí fóònù ti gbé nọ́ńbà sẹ́yìn láti 2021. "Auto", "Higher picture quality" àti "Data saver" lẹ kọ́kọ́ máa rí. Ẹ ní láti tẹ "Advanced" kí 480p àti 720p tó jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ̀.

---

WáyàJabi

Màmá, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí ẹ sọ yìí tún tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Dátà tí àwòrán nílò ń tẹ̀lé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Pátákó ìṣirò lè mọ́ kedere ní 1 Mbps, bọ́ọ̀lù ní 1080p ò lè rí ara gbé níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ plaza lọ wo tẹlifíṣọ̀n, kí ni wọ́n máa ń fi hàn yín? Òdòdó tó ń tanná díẹ̀díẹ̀, omi tó dákẹ́, òkè tí ìkùukùu ń kọjá lórí rẹ̀. Ohun tí kò ní sáré ni wọ́n ń yàn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù hàn yín, tàbí ijó, láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n má ṣe fi flash.

---

BanexKọ́nà

Ọ̀rọ̀ kàn wá wàyí. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ń tà ní Banex, mi ò sì ní gbè sẹ́yìn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣe ohun tí kò tọ́.

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà ìtànjẹ yìí ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Fóònù kan wà tí ojú rẹ̀ jẹ́ 1080p, tí páálí rẹ̀ kọ Full HD gàdàgbà, tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín tó 50 Mbps, tí ẹ sì ń san owó HD, síbẹ̀ 480p ni Netflix á máa fún un títí láé. Widevine ló fà á, ìyẹn àgádágodo tí Google ṣe láti dáàbò bo fíìmù. Ó ní ìpele: L1 ló lè gba HD, L3 kò lè kọjá 480p lórí Netflix. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú àti àpótí Android tí wọ́n ń kọ "4K" sí lórí, L3 ni wọ́n. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ sí ara páálí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí áàpù Netflix lórí fóònù náà, ẹ lọ sí App Settings, ẹ wá Playback Specification. Á sọ ìpele Widevine àti ibi tí àwòrán lè ga dé. Ẹni tó bá ń tà fún yín tí kò jẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"HD Ready" náà ti pẹ́. Àjọ àwọn oníṣòwò ẹ̀rọ ní Yúróòpù, EICTA, ló gbé e jáde ní 2005, 720 ni iye ìlà tó kéré jù tí wọ́n ní kí tẹlifíṣọ̀n ní. Títí di ìsinsìnyí, èèyàn ṣì ń rà á bí ẹni pé Full HD ni.

---

AmòfinGarki

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i níbi òfin. Òfin FCCPC (àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà) ti 2018 kò fàyè gba olùtajà láti sọ ohun tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ọjà tàbí iṣẹ́ rẹ̀. Òfin ARCON (àjọ tó ń bójú tó ìpolówó) ti 2022 ní kí ìpolówó kọjá lábẹ́ àyẹ̀wò kó tó dé ìta. Abuja níbí ni FCCPC àti NCC jókòó sí, a ò nílò àtiwọ ọkọ̀ lọ ibì kankan.

Ibi tó le ni ọ̀rọ̀ "ó tó 50 Mbps". Bí ó bá dé 50 lẹ́ẹ̀kan péré ní aago mẹ́ta òru, agbẹjọ́rò wọn á ní òótọ́ ni wọ́n sọ. "HD" náà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣàlàyé rẹ̀, píksẹ́lì ló ń kà, wọ́n á sì ní píksẹ́lì wà níbẹ̀. "Dátà kò lópin" ni mo rò pé ẹ lè fọwọ́ mú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé àdéhùn, níbi lẹ́tà wẹ́wẹ́, ẹ wá "fair usage". Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn iye GB kan iyára máa wálẹ̀, ó lópin nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe NCC lórí 622, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má ṣe kọ "nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò dáa". Ẹ kọ ọjọ́, aago, iyára ìwọlé, iyára ìjáde, kí ẹ fi àwòrán ojú fóònù tì í.

---

AráKubwa

Àgbà Amòfin, ẹ ṣeun. Mo ti lọ gba ìwé àdéhùn aládùúgbò mi, mo sì kà á dé ìsàlẹ̀. 100 GB ni. Lẹ́yìn ìyẹn, 1 Mbps ni wọ́n á máa fún un títí oṣù á fi parí.

Mo ṣírò ó. 5 Mbps, tí Netflix ní ó tó fún 1080p, á jẹ 2.25 GB ní wákàtí kan. 100 GB á tán láàárín wákàtí 45. Ìdílé tó ń wo wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ nílò 202.5 GB lóṣù. Ìyẹn ni pé ṣáájú ìdajì oṣù, HD tí wọ́n ṣèlérí ti wá sópin, owó oṣù sì ti wà lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi kọ bitrate sí ara bébà: ẹni tó bá mọ bitrate á lè ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ọkùnrin yìí ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé, ó ń jí lọ síbi iṣẹ́ kí ojúmọ́ tó mọ́. Owó tó làágùn fún ni. Mi ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú.

---

ÌdẹraDawaki

1 Mbps kẹ̀! Ìyẹn lè má tiẹ̀ tó gbé 480p lórí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ilé ń wò. Mo ti wà lẹ́yìn yín báyìí.

---

WáyàJabi

Kí ẹ̀sùn yín lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ wọn nǹkan báyìí.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé Speedtest, tó ń wọn iyára íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan. Sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá fóònù yín lóhùn) tó bá sún mọ́ yín jù ló máa ń wá, nígbà míì inú iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín gan-an ló wà. Ẹ tún lo fast.com, tí Netflix gbé jáde ní 2016. Sáfà Netflix ló ń lọ bá. Bí Speedtest bá fún yín ní 40, tí fast.com fún yín ní 4, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀nà ti dí. Aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́, ìgbà tí gbogbo Kubwa ń lò ó.

Lórí YouTube, ẹ tan "Stats for nerds": á fi píksẹ́lì tó ń wọlé lójú ẹsẹ̀, codec, àti iyára hàn. Lórí kọ̀ǹpútà, nínú Netflix, ẹ tẹ Ctrl, Alt, Shift àti D pọ̀, bitrate á jáde sójú yín. Ẹ máa wò ó bí fíìmù bá ń lọ. Áàpù máa ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọ̀nà bá dín, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò yín kò fi dúró: ó ń yàn láti bàjẹ́ kó má bàa dúró.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí àwọn olùtajà ò retí: "Ṣé sáfà Netflix àti ti Google wà nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín?" Iléeṣẹ́ méjèèjì ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí fíìmù lè wà nítòsí. Fíìmù tí kò bá sí níbẹ̀, abẹ́ òkun ló ń gbà wọ Èkó, kó tó wá gba wáyà orí ilẹ̀ gòkè wá sí Abuja, níbi tí àwọn tó ń la títì ti ń gé e. Ní oṣù kẹta 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ pa pọ̀ ní ìtòsí Côte d'Ivoire, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ̀rí kan tó kù lọ́wọ́ mi nìyí. Ní oṣù kẹta 2020, nígbà Kòrónà, Thierry Breton tó jẹ́ kọmíṣọ́nà Yúróòpù bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín ẹrù nẹ́tíwọ́ọ̀kì kù. Netflix gé bitrate, dátà rẹ̀ sì dín ní 25 nínú 100. Ó wá ní ẹni tó ń san owó HD ṣì ń gba HD, ẹni tó ń san owó 4K ṣì ń gba 4K. Kò parọ́. Wọ́n yọ dátà kúrò, orúkọ náà dúró síbẹ̀.

---

Bọ́ọ̀lùNyanya

Ẹ wò ó, mo ṣe Stats for nerds yẹn lálẹ́ àná. "1080p" ni mo yàn. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni 854 × 480 fún ìgbà pípẹ́ kó tó gòkè. Ẹ ṣeun o.

---

IyaIbeji_Minna

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó yé mi. Ìbéèrè tèmi kéré. Wọ́n gbé projector kan wá fún mi láti Abuja, mo fẹ́ máa fi ṣe sinimá fún àwọn ọmọ àdúgbò ní òpin ọ̀sẹ̀. Páálí rẹ̀ kọ "1080p supported", ọkùnrin tó ń tà á sì ní kò sí èyí tó mọ́ tó o ní gbogbo Wuse. Ṣé kí n rà á?

---

BanexKọ́nà

Ìyá Ìbejì, ẹ dá a dúró ná. "Supported" túmọ̀ sí pé ó lè gba fídíò 1080p wọlé. Kò sọ pé 1080p ló máa gbé sára ògiri. Ẹ yí páálí yẹn, ẹ wá "native resolution" ní ẹ̀gbẹ́ tàbí nínú ìwé kékeré inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú yẹn, 800 × 480 ni wọ́n. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà abẹ́ fíìmù á rú, àwọn ọmọ tó jókòó lẹ́yìn ò ní lè kà á.

Bó bá kọ 1920 × 1080 síbẹ̀, ẹ ní kó fi bọ́ọ̀lù hàn yín lára ògiri kí ẹ tó ka owó. Bí kò bá sí ibi tí wọ́n kọ native sí rárá, ẹ dá a padà fún un.

---

IyaIbeji_Minna

Mo ti yí i. 800 × 480 ni. Mo ti pè é kó wá gbé e.